Ibi Tí Òfin Yóò Pè Ní Ìlú Mi

Láti àárọ̀ ni mi ò ti lè jókòó. Rédíò kan ní Kaduna, níbi tí mo ti ń gbé láti ìgbà èwe mi, ní ká wá sọ ohun tá a fẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ yí padà. Mo fi fóònù pe Leah, àbúrò mi, ní Òde-Ayé, ìlú bàbá wa, kí n kọ́kọ́ sọ tèmi fún un.

Ó wà ní ẹkù, níbi tí wọ́n ti ń ṣe epo pupa, pẹ̀lú àwọn obìnrin, wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ ẹyìn. Epo kún ọwọ́ rẹ̀, ló bá ní kí wọ́n fi ohùn mi síta.

Mo ní kí iná má lọ mọ́. Wọ́n ní, "Àmín!" Mo ní kí owó ìfẹ̀yìntì máa tètè dé. "Àmín!"

Mo wá ní, "Ibi téèyàn bá ti pẹ́ ni kí òfin máa pè ní ìlú rẹ̀. Kí wọ́n yéé bi àwọn ọmọ mi níbi tí wọ́n ti wá."

Dípò àmín, ìbéèrè ni Leah bi mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Kaduna ti dìlú yín nìyẹn?"

Obìnrin kan rẹ́rìn-ín. "Leah, gbin ẹ̀gẹ́ sí ilẹ̀ tó ò ń ro dè é!"

Ẹ̀gbẹ́ sàréè bàbá wa nilẹ̀ náà wà. Ọdọọdún ni Leah ń ro ó, kí n lè wá kọ́lé sí i.

"Ṣé kí n fún Akíntáyọ̀ ọmọ mi ní ilẹ̀ náà?" Leah bi mí.

Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. "Má fún un. Ìlú méjèèjì ni mo fẹ́."

"Ẹ sọ ìyẹn ní rédíò. Ṣùgbọ́n ara mi ò gbé e mọ́. Ta ni yóò ro ó lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Èmi ni," mo ní, kí n tó mọ̀ pé mo ti sọ ọ́.