Àlàfo Etí Pèpéle

Ìgbọ̀nwọ́ Noemí ló gún bàbá kan láyà. Èrò ń rọ́ wá láti ẹ̀yìn, ọkọ̀ ojú irin ti ń wọlé, ẹsẹ̀ ọ̀tún Noemí sì ti yọ kúrò létí pèpéle. Ó ta ìgbọ̀nwọ́ kó lè ráyè dúró. Òun dúró. Bàbá náà ló ṣubú.

Iṣẹ́ Noemí Barrientos ni láti máa yẹ ibùdókọ̀ ojú irin wò, bóyá ó lè pa èrò lára. Láti Buenos Aires ni wọ́n ti rán an wá sí Villa Corvalán láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn. Kó tó dé ló ti pinnu pé òun á ní kí wọ́n ti pèpéle kejì pa: ó há jù, àlàfo tó sì wà láàárín rẹ̀ àti ọkọ̀ lè gbé èèyàn mì. Ó fẹ́ mọ bó ṣe ń rí lára èrò, ìdí nìyẹn tó fi wọ àárín wọn níbẹ̀.

Ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró tán. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí bàbá náà kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan há sínú àlàfo, ọkọ̀ sì wọ́ ọ díẹ̀. Fíláàsì omi gbígbóná tó fi ń mu mate, ohun mímu eléwé bíi tíì, yí lọ sábẹ́ ọkọ̀. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ń gbá fèrèsé pé kí ló tún dá àwọn dúró. Nígbà tí wọ́n gbọ́, obìnrin kan pòṣé.

“Bàbá yìí ò rí ọjọ́ míì ṣubú, àfi ọjọ́ Ajé?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn dá a kọjá kí wọ́n lè tètè ríbi jókòó.

Noemí kúnlẹ̀, ó gbé orí bàbá náà lé itan. Evaristo lorúkọ rẹ̀. Bí iná bá ń jóni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n dànù. Ohun tó ń wí fún ara rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ohun tí à á wí fún ọmọ náà lẹ́yìn náà.

Bàbá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ọmọ mi, mo rí ẹ. Ìwọ nìkan lo nawọ́ sí mi.”

“Ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́, bàbá,” ló wí.

Bàbá náà fi ẹnu ko ọwọ́ náà. Nígbà tí àwọn panápaná fà á yọ, bàtà rẹ̀ kò bá a jáde. Ohun tó wà nínú bàtà náà kò bá a jáde.

Ọ̀gá ibùdókọ̀ náà, Quiroga, mú Noemí wọ ọ́fíìsì, ó bu kọfí fún un, ó sì rọra bi í bóyá ó rí ẹni tó ti bàbá náà. Noemí ní kò sẹ́ni tó tì í. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yọ̀. Ara tu ọkùnrin náà. Ife wà lọ́wọ́ Noemí, kò tíì kàn án lẹ́nu.

“Kámẹ́rà tó wà lókè pèpéle ńkọ́?”

Quiroga sorí kọ́ bí ọmọ tó fọ́ àwo.

“Ẹ má bínú, Ìyáàfin. Ó ti kú láti ọdún tó kọjá. A bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n wá tún un ṣe.”

Níbùdókọ̀ mìíràn, ọ̀rọ̀ yìí nìkan ì bá mú kó gbaná jẹ. Ó dúró de ìbínú náà. Ohun mìíràn ló dé, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó rọra ń tàn ká àyà rẹ̀. Ó gbé ife sẹ́nu, ó mu kọfí náà tán. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ̀ pé ayọ̀ ni.