Ejò Inú Ṣógíláàsì

Ojú ara rẹ̀ ni Ìyá Bísọ́dún rí lábẹ́ ejò.

Ó ti ìsìn òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi bọ̀, gèlè rẹ̀ ga, Bíbélì wà lábíyá, ó ní òun yà kí Bàbá Olúrántí tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá jókòó láti oṣù méje. Ó kí i tán, ó wá ń wo pálọ̀ kiri bí àwọn olórí ẹgbẹ́ ṣe máa ń wo ilé onílé, ni ojú rẹ̀ bá bọ́ sí ṣógíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó rò pé búǹsì ló wà nínú rẹ̀, torí búǹsì ni gbogbo àdúgbò mọ̀ mọ́ ṣógíláàsì náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó dáadáa. Ọmọ erè kan ló ká jọ bí òṣùká síbẹ̀, ó gbé orí lé iwájú orí obìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín nínú àwòrán. Obìnrin náà wọ aṣọ funfun ẹgbẹ́, gèlè rẹ̀ sì ga.

"Ìyá Olúrántí," ló pè. "Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

Ìyá Olúrántí jáde láti ilé ìdáná, ó ń nu ọwọ́ sí ìró. Ó wo ibi tí ìka àlejò rẹ̀ ń tọ́ka sí, ó sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kàlẹ́ńdà àjọ̀dún ogójì ọdún Ẹgbẹ́ Ìyá Rere ni, èyí tí àwòrán gbogbo olóyè wà nínú rẹ̀, tí ti ìyá ẹgbẹ́ sì tóbi jù láàárín.

"Ẹ dákun, Ìyá Ẹgbẹ́, mi ò mọ̀. Ìwé tó nípọn ni mò ń wá, ìwé ìròyìn ń tètè rin. Mo mú èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo dijú, mo tẹ́ ẹ."

"Ẹ dijú."

"Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Ẹ̀rù ejò ń bà yín, ẹ sì ń sìn ín nínú pálọ̀."

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí bí èèyàn ṣe máa sọ ọ́ tó máa jọ òótọ́. Ìyá Bísọ́dún jáde láì mu omi tí wọ́n gbé ka iwájú rẹ̀. Bàbá Olúrántí rẹ́rìn-ín lórí àga rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu ni ẹ̀rín náà gbà jáde, torí ẹ̀gbẹ́ kejì ò gbọ́ tirẹ̀ mọ́.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Èmi ni wọ́n máa pè."

Bàbá Láàbù ni gbogbo ẹni tó bá ka sáyẹ́ǹsì lábẹ́ rẹ̀ ní Oǹdó ń pe ọkùnrin yìí. Oyèlékè lorúkọ rẹ̀ gan-an. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi tọ́jú láàbù ilé ẹ̀kọ́ girama kan, òun ló ń pa ejò, ọ̀pọ̀lọ́ àti àkeekèé, tó ń rì wọ́n sínú ìgò oògùn kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa wò wọ́n lórí pẹpẹ. Kò tíì pẹ́ tó fẹ̀yìn tì tí àrùn náà fi dé. Apá ọ̀tún rọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ di ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó dun ìyàwó rẹ̀ jù ni pé ó kọ̀, kò gbìyànjú. Nọ́ọ̀sì fún un ní bọ́ọ̀lù rọ́bà pé kó máa fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, ó jẹ́ kí bọ́ọ̀lù náà yí lọ sábẹ́ àga, ó kọjú sí ògiri. Ìyá Olúrántí fi búǹsì tó ń tà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó jókòó tì í, ó ń wò ó bó ṣe ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá ni Lawrence, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ tó ti di olóko kòkó, gbé àpò kan wọlé tí wọ́n so lẹ́nu.

"Bàbá, ọmọ erè ni mo rí lábẹ́ kòkó. Mo ní kí n gbé e wá kẹ́ ẹ fi sínú ìgò."

Ìyá Olúrántí ti sá dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn kó tó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀.

"Má pa á."

Láti oṣù mẹ́fà, kò tíì sọ ju bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" ló bi í láti ibi tó sá dé.

Ó pẹ́ kó tó rí ọ̀rọ̀ náà kó jọ. "Gbogbo èyí tí mo mọ̀... òkú ni. Mi ò rí ọ̀kan rí... tó ń jẹun."

Bí obìnrin tí kì í lè wo okùn nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ṣe di ẹni tó ń kọ́lé fún ejò nìyẹn. Káfíńtà tí wọ́n kọ́kọ́ pè gbọ́ ohun tó máa gbé inú àpótí náà, ó ní òun ń lọ mú tépù wá, wọn ò rí i mọ́. Ìyá Olúrántí lọ sẹ́yìnkùlé. Ó ṣí àpò kúrò lórí ṣógíláàsì tó ń tọ́jú de ọjọ́ tí òun máa padà sídìí búǹsì, ó fọ̀ ọ́, ó wọ́ ọ wá sí pálọ̀. Gíláàsì ni iwájú àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, pákó ni òkè àti ìsàlẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ wà lẹ́yìn.

Ọkọ rẹ̀ fi ìka òsì tọ́ka, ó ń ṣe é bó ṣe wí. Ó yọ pẹpẹ àárín. Ó fi irin gbígbóná lu ihò sí pákó òkè kí atẹ́gùn lè máa wọlé, ó kan nẹ́ẹ̀tì fèrèsé lé e. Àlàfo kan wà lábẹ́ ilẹ̀kùn tó tó ìka méjì, kò kà á sí, àfi ìgbà tí ọkọ rẹ̀ mi orí. Ó ní ejò á gba ibẹ̀ jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó gé rọ́bà táyà, ó fi dí i, ó so àgádágodo mọ́ ilẹ̀kùn. Ó fi gílóòbù sí apá kan, ó fi wáyà yí i ká kó má baà jó ejò, apá kejì sì wà ní tútù, kí ejò lè yan èyí tó wù ú. Ìkòkò tó fọ́ létí ló dojú rẹ̀ dé fún un láti máa sá pamọ́ sí.

Ó ku àwo omi. Ìyá Olúrántí gbé e dé ẹnu ilẹ̀kùn, kò lè kọjá ibẹ̀. Bàbá Olúrántí rọra wọ́ ẹsẹ̀ dé ìdí rẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún. Omi dà sí i lẹ́sẹ̀, ó tún dà sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwo náà débẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pààrọ̀ omi láràárọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó kọ bọ́ọ̀lù rọ́bà sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń tẹ́ ìwé, ó ń dijú.

Ìpè dé lọ́jọ́ Ajé. Obìnrin mẹ́sàn-án ti jókòó sí gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí Ìyá Olúrántí wọlé. Ó ti nu kàlẹ́ńdà náà mọ́, ó ká a dání láti fi tọrọ àforíjì. Bó ṣe ní kí òun tú u, gbogbo wọn fa àga sẹ́yìn.

Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀. Ìyá Bísọ́dún gbọ́ ẹ̀bẹ̀, kò pẹ́ rárá.

"Mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ilé yín ni ìpàdé kàn ní Ọjọ́bọ̀. Kí wọ́n ti pa ejò yẹn kó tó di aago mẹ́rin, kí wọ́n sun ún. Bí a bá dé tó ṣì wà níbẹ̀, a ò ní wọlé, ẹ ò sì sí nínú ẹgbẹ́ yìí mọ́. Àti láyé, àti lọ́jọ́ ìsìnkú."

Gbogbo wọn mọ ohun tó wí. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, funfun ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n á tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pósí, wọ́n á sì kọrin dé ibojì. Ìyá Olúrántí ti kọrin fún obìnrin méjìlélógún láti ọgbọ̀n ọdún. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sin tí kò ronú nípa tirẹ̀, bí yóò ṣe rí, ta ni yóò gbé ohùn kejì.

"Ọkọ mi ti ń lo ọwọ́ rẹ̀," ló wí. "Ọwọ́ ọ̀tún. Ejò yẹn ló mú un lò ó."

"Ìyẹn gan-an ló yẹ kó dẹ́rù bà yín."

Ìyá Olúrántí dìde lórí eékún rẹ̀. Láti àárọ̀ ni ìtìjú ti ń bá a jà, ṣùgbọ́n ní báyìí inú ló ń bí i, ó sì sàn fún un bẹ́ẹ̀. "Mo ti gbọ́," ló wí, ó jáde.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ó wọ mọ́tò lọ sí Àkúrẹ́. Ejò náà ò tíì jẹun láti ìgbà tó ti dé, ọkọ rẹ̀ sì ní ó ṣeé ṣe kí ibi tó wà má gbóná tó. Ọyẹ́ ti mú, iná ò sì dúró lójú kan. Tẹmómítà tí wọ́n ń fi wọn ooru ilé adìẹ ló fẹ́ rà, ó rí i ní Arakale níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn adìẹ.

"Màámi, adìẹ mélòó lẹ kó sí ulé?" ni ọmọbìnrin tó ń tajà bi í.

"Ọ̀kan. Kì í sì í ṣe adìẹ."

Olúrántí, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, wá bá a níbẹ̀ láti ibi iṣẹ́. Ó gba àpò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, wọ́n ń rìn lọ.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí Bùròdá Lawrence gbé e padà sóko. Ẹ ò gbọdọ̀ tìtorí ejò pàdánù àwọn èèyàn yín. Ta ló máa wá dúró tì yín bí..."

"Bí mo bá kú?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Èmi ò ní sí níbẹ̀ láti kà wọ́n."

Tẹmómítà fi hàn pé òótọ́ ni bàbá sọ. Bí iná bá ti lọ, apá tó yẹ kó gbóná máa ń tutù bí apá kejì. Ìyá Olúrántí rọ omi gbígbóná sínú ìgò, ó fi aṣọ wé e, ó tẹ́ ẹ sẹ́yìn gíláàsì, ó ń pààrọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń tutù. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, Bàbá Olúrántí fi ọwọ́ ọ̀tún di ẹ̀mú mú, ó na eku tí Lawrence gbé wá síwájú ìkòkò. Ejò yọ orí jáde. Ó wo eku náà títí, lẹ́yìn náà ó gbé e, ó wé mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e mì. Omi bọ́ lójú bàbá, kò nù ún.

"Mo ti rí i," ló wí nígbà tó tán. "Jẹ́ kí Lawrence... gbé e lọ. Ọ̀la. Ìwọ ló máa... jìyà rẹ̀."

"Mi ò ní jẹ́ kó gbé e lọ."

"Ìyá Olúrántí..."

"Bí wọ́n bá lé ejò lọ tán, ọwọ́ yín ló kàn tí wọ́n máa bi mí léèrè. Wọ́n á ní ta ló wò ó sàn. Ṣé kí n gé ìyẹn náà fún wọn?"

Bàbá wo ọwọ́ náà.

Ní Ọjọ́bọ̀ ó gbálẹ̀, ó to àga mẹ́wàá bó ṣe máa ń tò ó, ó kó píọ́ wọ́tà sínú abọ́. Kò fi aṣọ bo ṣógíláàsì. Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, wọ́n dé ẹnu géètì pẹ̀lú aṣọ funfun wọn, wọ́n sì dúró síbẹ̀.

"Ṣé ó ti kúrò?" ni Ìyá Bísọ́dún bi í.

"Ó wà nílé. Ọkọ mi náà wà nílé. Ẹ wọlé, Ìyá Ẹgbẹ́, mo ti to àga."

Wọ́n dúró kó bẹ̀ wọ́n. Ó di géètì mú ní ṣíṣí, kò bẹ̀ wọ́n. Nígbà tó pẹ́, Ìyá Bísọ́dún yí padà, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ó ń wo ẹ̀yìn wọn títí wọ́n fi yà lọ́nà, ó sì dùn ún gan-an. Ó mọ orúkọ ọmọ gbogbo wọn.

Ó padà wọlé. Ọkọ rẹ̀ ń wo àwọn àga náà.

"Wọ́n ti lọ?"

"Wọ́n ti lọ."

Ó jókòó sórí àga tó máa ń jókòó sí gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ẹgbẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ jókòó sórí àga tó tò fún ìyá ẹgbẹ́.

"Aago mẹ́rin ti lù," ló wí. "Ẹ gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ fún wa, Bàbá Olúrántí."

"Èmi? Ó máa... pẹ́."

"Ẹ jẹ́ kó pẹ́."

Ó tẹrí ba, ó sì ń dúró de ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.