Tábìlì Tó Ń Mì

Láti ìgbà tí káfíńtà ti jókòó ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi ilé oúnjẹ àwọn Faransé náà. Ilé kékeré ni, ní ìkángun àdúgbò wọn, àbẹ́là ń jó lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan, àwọn olólùfẹ́ sì ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí àwọn wá. Ọ̀la ni nọ́ọ̀sì tó jókòó síwájú rẹ̀ yóò fèsì fún ilé ìwòsàn tó ń pè é síṣẹ́ lókèèrè, káfíńtà kò sì tíì la ẹnu sọ fún un pé kó má lọ, kó fẹ́ òun.

Báàgì nọ́ọ̀sì wà lórí itan rẹ̀. Ó dì í mú bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀.

"Ọbẹ̀ àlùbọ́sà yìí dùn," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Ó dùn."

Bí káfíńtà ti gbé ṣíbí báyìí, tábìlì mì, ọbẹ̀ ta sílẹ̀. Ó gbé ìgbọ́nwọ́ kúrò, tábìlì tún mì. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ẹlòmíràn ì bá gbójú fò ó, ṣùgbọ́n káfíńtà wo ni yóò jókòó ti tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba, tí oúnjẹ yóò sì gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ?

"Jọ̀ọ́, mò ń bọ̀," ó wí, ó sì rá wọ abẹ́ tábìlì.

"Níbí náà? Àwọn èèyàn mà ń wò wá o!"

"Ẹsẹ̀ kan ló kúrú. Díẹ̀ báyìí ni."

"Ṣé iṣẹ́ lo pè mí wá wò ni?"

Ó ká bébà ìnuwọ́, ó fi há ẹsẹ̀ tábìlì náà nídìí. Bàtà nọ́ọ̀sì nìkan ló ń rí, tí ọ̀kan rẹ̀ ń lu ilẹ̀ ṣáá. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ojú obìnrin yìí gan-an ni kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Má lọ," ó sọ fún bàtà náà. "Jọ̀ọ́, fẹ́ mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí tí mi ò fi tíì sọ ọ́."

Ẹsẹ̀ dáwọ́ dúró. Ó dá káfíńtà lójú pé obìnrin náà ti ń dìde lọ. Ìgbà náà ni báàgì sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Jáde," nọ́ọ̀sì wí. "Wá sọ ọ́ lójú mi."

Káfíńtà fò dìde, ó gbàgbé ibi tó wà. Orí rẹ̀ gbá tábìlì gbì, ìyókù ọbẹ̀ dànù. Tábìlì ṣì ń mì nígbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Kò tilẹ̀ wo tábìlì náà, ojú nọ́ọ̀sì ló ń wò.