Kọ́kọ́rọ́ Inú Àwòrán

"Ta ló ti rí kọ́kọ́rọ́?"

Ọmọbìnrin náà ká orúnkún mọ́ àyà lórí kápẹ́ẹ̀tì, kò gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Ìyá rẹ̀ ń ká aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ. Bàbá rẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, na ọrùn síwájú bí ẹni tó fẹ́ wọ inú àwòrán lọ.

Ó ti di ọdún kẹta tí wọ́n ti ń wo eré náà ní gbogbo ọjọ́ Sunday, tó bá ti di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Eré àròsọ onísáyẹ́ǹsì ni. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ènìyàn ń gbé inú ọkọ̀ ńlá kan tó ń rìn láàárín ìràwọ̀, wọ́n ń lọ síbi tó jẹ́ pé ọmọ-ọmọ wọn nìkan ló lè débẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn tó ṣe eré náà máa ń fi kọ́kọ́rọ́ kan pamọ́ síbì kan nínú àwòrán. Ó lè wà lára ògiri, ó lè wà létí ife omi. Nínú ilé yìí, ẹni tó bá rí i gbẹ̀yìn ni yóò fọ abọ́. Tẹ́lẹ̀, awakọ̀ yìí kì í fọ abọ́ rárá. Ní báyìí, ó ti fọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà léraléra.

Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ló kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ó ní ojú ọ̀gá ọkọ̀ inú eré náà rí bí ẹni tí wọ́n fi eérú pa lójú. Ló bá gbé e jáde, ó ra èyí tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, tí wọ́n kọ HD gàdàgbà sára páálí rẹ̀. "Irun imú wọn gan-an lẹ ó máa kà," ni ẹni tó tà á fún un wí. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tàn án, ìyá àtọmọ pariwo. Wọ́n rí òógùn lọ́rùn àwọn òṣèré, wọ́n rí ojú abẹ́rẹ́ lára aṣọ wọn. Awakọ̀ náà bá wọn pariwo. Ṣùgbọ́n eérú ti tẹ̀ lé e wọ inú tẹlifíṣọ̀n tuntun.

Ìdí nìyẹn tó fi ránṣẹ́ pe atúntẹlifíṣọ̀nṣe.

"Bàbá Má-Sáré!" ni ọkùnrin náà kí i bó ṣe wọlé bá wọn nídìí eré náà tòun ti àpò irinṣẹ́. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n sí Má-Sáré, torí pé láti ọdún méjìlélógún tó ti ń wa bọ́ọ̀sì, kò fi ọkọ̀ kọlu ẹnikẹ́ni rí. "Kí ló ṣe é?"

"Èéfín wà láàárín rẹ̀. Àfi bí ẹni pé wọ́n fi àtàǹpàkò tó dọ̀tí tẹ ojú gíláàsì. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbogbo dára."

Ọkùnrin náà sún mọ́ ọn, ó fi aṣọ nù ún, ó fọwọ́ kan àwọn wáyà ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì tún padà sẹ́yìn. "Ẹ̀yin bàbá, ihò ara àwọn èèyàn yìí ni mò ń wò yìí. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é o."

"Abọ́ ni wọn ò fẹ́ fọ!" ni ọmọ wí.

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Awakọ̀ náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Friday tún ti padà sọ́kàn rẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ni. Ó ń rọra bọ̀ bó ṣe máa ń ṣe, nígbà tí Àǹtí Bọ́ọ̀sì, obìnrin tó máa ń mójú tó àwọn ọmọ nínú bọ́ọ̀sì, figbe ta: "Ẹ dúró! Ọmọ! Ọmọ!" Ó tẹ bíréèkì débi pé àpò ìwé fò káàkiri. Ọmọdé kan tó gbé àpò aláwọ̀ yẹ́lò kọ́ ẹ̀yìn dúró gan-an níwájú bọ́ọ̀sì.

"Ibo lọmọ yìí ti já bọ́?"

Àǹtí Bọ́ọ̀sì wò ó lọ títí. "Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, Bàbá. Àárín títì ló dúró sí."

Awakọ̀ ní oòrùn ló wọ òun lójú. Ojú ọjọ́ ṣú dùdù lọ́jọ́ náà.

"Mo ti rí i!" Nínú pálọ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ tẹ rìmóòtù, àwòrán sì dúró gbagidi.

"Èmi náà ti rí i," ni ìyá wí. "Wọn ò tiẹ̀ fi í pamọ́ lónìí!"

"Èyí tó tóbi tó báyìí?" ni atúntẹlifíṣọ̀nṣe dá sí i.

Awakọ̀ wo igun òkè, ó wo ìsàlẹ̀. Ó rí ibùsùn, ó rí bàtà, ó rí okùn bàtà. "Ṣé ara ilẹ̀kùn ni?"

"Rárá o."

"Abẹ́ àga?"

"Ẹ má fi mí ṣeré, Bàbá mi." Ẹ̀rín ti ń kúrò lóhùn ọmọ náà. Ó dìde, ó na ìka sí ojú tẹlifíṣọ̀n. "Ibí nìyí."

Awakọ̀ rí apá rẹ̀, ó rí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Láti ọrùn-ọwọ́ lọ, eérú ló kù.

"Bàbá wọn," ni ìyàwó rẹ̀ wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ẹ wojú mi."

Ó wò ó. Ó rí gèlè rẹ̀, ó rí yẹtí rẹ̀ méjèèjì, ó rí èjìká rẹ̀. Ojú tó ní kó wò kò sí níbẹ̀.

Atúntẹlifíṣọ̀nṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó rọra ń ṣe é kó má baà pariwo.

"Ṣebí nọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ yín yẹ ojú yín wò lóṣù tó kọjá?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í. "Wọ́n ní ó dára."

"Pátákó lẹ́tà kan náà tí wọ́n fi ń yẹ ojú wò ló máa ń gbé kọ́ lọ́dọọdún. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lórí. A máa ń kọ ọ́ lórin ní gáréèjì, ẹni tuntun tó bá dé, òun la kọ́kọ́ ń kọ́ ọ." "Orin yẹn ni mo kọ fún nọ́ọ̀sì náà. Kò tilẹ̀ gbórí sókè wò mí."

"Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Kí n tó gbé tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ jáde."

Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ọ̀la ló yẹ kí ọmọ mọ́kànlélógójì máa dúró dè é lẹ́bàá títì. Ó rí àwọn àpò ìwé wọn lọ́kàn rẹ̀, pupa, búlúù, yẹ́lò. Ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, ó yọ kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì, ó fi lé orí aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ ká.

"Bá mi pe ọ̀gá gáréèjì. Ní kí wọ́n wá awakọ̀ mìíràn fún àárọ̀ ọ̀la. Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, má fi nǹkan kan pamọ́."

Ìtìjú kò jẹ́ kó lè wo ibi tí wọ́n wà. Ó yíjú sí fèrèsé. Ìgbà náà ló fi igun ojú rí i, láàárín gbùngbùn àwòrán, lórí àyà ọ̀gá ọkọ̀: kọ́kọ́rọ́ aláwọ̀ wúrà kan, tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, tó ń kọ mànà.