Àmì Méje Lórí Òkè Kasumi

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni ẹ̀rù wọ ara Hatanaka Teiji, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó jókòó sí àjà kẹta ilé-iṣẹ́ Shiomidō ní Osaka, ó ń gbá géèmù tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. Ọmọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó fi ọdún kan àti oṣù mẹ́rin yà, tó kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń rìn àti bí wọ́n ṣe ń fò, ti gun Òkè Kasumi dé téńté. Agogo mẹ́ta ló so mọ́ ọrùn. Ó kù kí agogo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dún pọ̀, kí ilẹ̀kùn orí òkè ṣí, kí eré parí. Ọmọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, kò sì gbé e sílẹ̀ mọ́. Gbogbo ohun tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n dúró gbagidi. Ìró kan ṣoṣo ló kù, ó ń han pìììì, kò sì dákẹ́.

Teiji pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn. Ó fi wákàtí kan gbáko gun òkè náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibì kan náà ló kú sí.

Kì í ṣe pé kò mọ ohun tó fà á. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Láyé ìgbà náà, kò sí ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ kí orúkọ ẹni tó ṣe géèmù hàn lójú tẹlifíṣọ̀n, kí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn má baà wá fà á lọ. Ìnagijẹ ni wọ́n ń fún kálukú. Gobo ni wọ́n pe Teiji, nítorí ó gùn, ó sì tín-ín-rín bíi gobo, gbòǹgbò kan tí wọ́n ń gé sínú ọbẹ̀. Ọdún mẹ́fà, géèmù mẹ́rin, àwọn ọmọ láti Hokkaido dé Kyushu ń pariwo Gobo, Gobo, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, lágbègbè òkè Tanba. Bí wọ́n bá ti gbé igi àjà ilé sókè, káfíńtà a kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó kan, a sì kàn án mọ́ abẹ́ òrùlé, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè dé títí di ọjọ́ tí wọ́n bá wó ilé náà. Nígbà tí bàbá náà kú ní oṣù kẹrin, àwọn ará abúlé tò síwájú Teiji níbi òkú, wọ́n ń bi í pé kí ni òun náà ń ṣe ní Osaka. Ó ní géèmù ni. Wọ́n ní èwo? Ó dárúkọ ẹ̀. Wọ́n ní, á à, ti Gobo nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún débi pé kò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé yẹn, tí àyẹ̀wò ti parí, tí ìwé àṣẹ ti wà lórí tábìlì ọ̀gá, tí òfin sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́, ni Teiji fọwọ́ kàn án. Nínú ìkọ̀wé ilẹ̀ Japan, àmì méje ni orúkọ rẹ̀ gbà. Ó wá ibi tó ṣófo nínú kásẹ́ẹ̀tì tí géèmù náà wà, ó sì ki orúkọ rẹ̀ bọ̀ ọ́. Àṣé ibẹ̀ kò ṣófo. Ibẹ̀ ni ìró agogo mẹ́ta tó ń dún pọ̀ wà. Ọmọ tó bá gbé agogo méjì dé orí òkè á gba ibẹ̀ kọjá láìséwu. Èyí tó forí ṣe fọrùn ṣe, tó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, òun ni nǹkan á kú mọ́ lọ́wọ́.

Ọ̀gá rẹ̀, Ogino, tẹ èdìdì rẹ̀, tó dúró fún ìbuwọ́lù, mọ́ ìwé náà láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gbé géèmù náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ kásẹ́ẹ̀tì lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an. Aago mẹ́jọ àárọ̀ Mọ́ńdè ni ẹ̀rọ ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀, ohun tí ẹ̀rọ yẹn bá sì ti tẹ̀, ọwọ́ ọmọ ènìyàn kò lè pa á rẹ́ mọ́.

Ẹsẹ̀ dún lẹ́yìn Teiji. Ogino ni, ọkùnrin sànmọ̀rí kan tí kì í sọ̀rọ̀ kó má fi àwàdà sí i.

"Gobo! Ṣé o ò nílé ni? Iṣẹ́ ti tán, o ṣì ń gbá a. Ìyàwó ẹ máa tó rò pé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yìí lo fẹ́ fi ṣe ìyàwó kejì."

"Mo kàn ń wò ó ni, ọ̀gá."

"Máa wò ó, àmọ́ má fọwọ́ kàn án o. Tó o bá fọwọ́ kàn án, màá gé ọwọ́ yẹn jù sínú odò Yodo." Ó rẹ́rìn-ín, ó gbá a léjìká.

"Ọ̀gá..."

"Kí ni?"

Ojú Teiji lọ síbi fèrèsé. Sugimori ló jókòó síbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo ọ́fíìsì. Nígbà kan rí, kò sí ẹni tó mọ géèmù ṣe tó o. Ó ṣẹ̀, wọn ò lé e. Wọ́n kàn gbé tábìlì rẹ̀ lọ síbi fèrèsé, wọn ò fún un níṣẹ́, wọn ò fún un ní fóònù, ẹnikẹ́ni kì í sì bá a sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́ta rèé tó ti ń dé ní aago mẹ́sàn-án, tó ń wo òrùlé ilé tó wà níwájú, tó sì ń lọ ní aago mẹ́fà. Kí wọ́n lù mí sàn ju èyí lọ, ni Teiji máa ń sọ lọ́kàn bó bá ti rí i.

"Ẹ kú ìsinmi ọ̀la, ọ̀gá," ló sọ.

"Ìwọ náà. Lọ sùn, o ti dà bí òkú."

Fumie ìyàwó rẹ̀ kò jẹ́ kó sinmi ní Sọ́ńdè. Obìnrin tó mọ ojú ni.

"Bàbá Mihoko, ìrẹsì yín ti tutù, ẹ ò fọwọ́ kàn án. Ta ló kú?"

Teiji sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Fumie kò pariwo. Ó bọ́ épírọ́ọ̀nù, ó gbé páálí èso kaki tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Tanba jáde, ó sì fi aṣọ dì í.

"A kì í fọwọ́ òfìfo lọ sílé ọ̀gá. Ẹ wọ bàtà. Tó bá dọ̀la, ọ̀rọ̀ yìí á ti di ọ̀rọ̀ mìíràn."

"Wọ́n máa gbé mi lọ síbi fèrèsé."

"Bí wọ́n bá gbé yín lọ, ilé náà lẹ ó máa wá sùn. Ẹ lọ."

Ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Sakai, páálí kaki lórí itan rẹ̀. Ó dé ẹnu géètì ilé Ogino, ó na ọwọ́ sí aago ẹnu ọ̀nà. Ìgbà náà ló gbọ́ ohùn ọ̀gá rẹ̀ lẹ́yìn ògiri, ó ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ bó ṣe ń gé òdòdó.

"Ọdún kan àti oṣù méjì péré ló kù, n ó sì fẹ̀yìn tì. Mi ò ṣẹ̀ wọ́n rí, àwọn náà ò ṣẹ̀ mí rí. Mo fẹ́ máa pẹja ni o jàre."

"Ẹ̀yin lẹ lè pẹja? Ẹja á máa fi yín rẹ́rìn-ín ni," aládùúgbò fèsì, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín.

Teiji sọ ọwọ́ kalẹ̀. Àṣé kì í ṣe orí òun nìkan ni wàhálà yìí máa já lé, èdìdì ọ̀gá ló wà lórí ìwé náà. Òógùn bò ó nínú òtútù oṣù kẹwàá. Ó gbé páálí náà sílẹ̀ lẹ́nu géètì jẹ́ẹ́, ó sì sá lọ bí olè. Àgbàlagbà ọkùnrin, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ló ń sáré lójú títì! Nínú ọkọ̀ ojú irin ló ti ń parọ́ fún ara rẹ̀: bóyá kò ní sí ọmọ tó máa kó agogo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ. Òun tó mọ àwọn ọmọ ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ní Mọ́ńdè, aago mẹ́sàn-án ti lù kí Ogino tó pè é wá sídìí tábìlì rẹ̀. Ó ń bó kaki kan lọ́wọ́.

"Ọmọ-ọmọ mi rí páálí kan lẹ́nu géètì lánàá. Orúkọ abúlé yín ló wà lára ẹ̀. O wá, o ò wọlé. Ṣé ajá mi lo bẹ̀rù ni? Mi ò kúkú lájá."

Gbogbo ọ̀rọ̀ náà tú jáde lẹ́nu Teiji lẹ́ẹ̀kan náà, láìtò. Ogino ò bó kaki mọ́.

"O ti mọ̀ láti àná."

"Láti ìjẹta, ọ̀gá."

Ogino gbé fóònù. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó gbọ́ púpọ̀, ó tẹrí ba fún fóònù náà lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni pé ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ wà níwájú rẹ̀. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láti aago mẹ́jọ. Ìpín àkọ́kọ́ á di ìdọ̀tí, àyè tí wọ́n gbà nídìí ẹ̀rọ á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, géèmù náà kò sì ní lè jáde ṣáájú Ọdún Tuntun, ìgbà tí gbogbo ọmọ ń gba ẹ̀bùn ọdún tí wọ́n fi ń ra nǹkan.

Aago mọ́kànlá ni Ìyá Shiomi pè wọ́n, àwọn ọ̀gá tó kù sì ti jókòó síbẹ̀. Opó ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni, ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó ń ṣàkóso ibẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Kì í gbé ohùn sókè. Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù. Ìwé náà wà níwájú rẹ̀.

"Èdìdì ta nìyí?"

"Tèmi ni, mà," Ogino dáhùn, ó sì dìde.

"Mo rí i pé tìẹ ni. Kì í ṣe èdìdì ni mo ń wá. Ọwọ́ ta ló fi nǹkan sínú ẹ̀ lẹ́yìn àyẹ̀wò?"

Teiji fẹ́ dìde. Ó ti kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀, ó wà ní àpò àyà rẹ̀. Àmọ́ kò dìde. Kò rí nǹkan mìíràn lójú ọkàn rẹ̀ àfi ẹ̀yìn Sugimori, àti gíláàsì fèrèsé, àti ọgbọ̀n ọdún tí òun náà á fi máa wo òrùlé kan ṣoṣo. Ẹ̀rù bà á.

"Ọwọ́ mi ni, mà," Ogino sọ.

"Ìwọ, Ogino? Ìwọ tó jẹ́ pé wọ́n ń bá ọ tan ẹ̀rọ náà?"

"Mo ti ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, mà."

Ẹnì kan wúkọ́. Ìyá Shiomi kò rẹ́rìn-ín. Ó yí ojú sí Teiji, ó sì wò ó pẹ́. Kò sí ẹni nínú yàrá yẹn tí kò mọ̀, òun gan-an sì ló mọ̀ jù.

"Hatanaka. Bí ọ̀gá rẹ ṣe wí ló rí?"

Ìbéèrè yẹn ṣí ilẹ̀kùn òótọ́ fún un. Ó kù kó wọlé. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ì bá sàn kí Teiji dákẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ.

Lórí àtẹ̀gùn, nígbà tí wọ́n jáde, Teiji kúnlẹ̀, ó sì fi iwájú orí kan sìmẹ́ǹtì.

"Dìde. Àwọn èèyàn ń kọjá."

"Màá padà lọ sọ òótọ́ fún wọn, ọ̀gá."

"Kí o lọ sọ fún màmá pé òpùrọ́ ni mí? O ti jẹ́rìí sí i, Hatanaka. Ó tán." Kò pè é ní Gobo. "Ọdún kan àti oṣù méjì ni tèmi. Tìẹ ì bá tó ọgbọ̀n ọdún. Ọmọdé pàápàá mọ èyí tó kéré."

"Ṣé inú ń bí yín, ọ̀gá?"

"Inú ń bí mi gan-an. Àmọ́ kì í ṣe nítorí orúkọ. Ta ni ò fẹ́ kí wọ́n mọ orúkọ òun? Sátidé yẹn ló ń bí mi nínú. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ. Mo ní 'kí ni?' Ká ní o dá mi lóhùn ni, méjèèjì wa ni à bá jọ máa jẹ núdùùlù báyìí, tí n ó sì máa bú ẹ."

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ. Teiji dì mọ́ irin àtẹ̀gùn, kò lè tẹ̀lé e.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n gbé tábìlì kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Sugimori. Wọ́n sì fi Teiji sípò ọ̀gá ẹ̀ka, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Àwọn kan bá a yọ̀. Àwọn kan kàn wo ẹsẹ̀ ara wọn. Fumie gbọ́ ìròyìn náà, ó gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún un, ó sì lọ bá Mihoko nínú yàrá.

Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu ipò náà, Teiji tètè jáde nílé kó lè dé ṣáájú, kó má baà gba iwájú fèrèsé kọjá lójú ènìyàn. Ọkọ̀ ojú irin fi í falẹ̀. Nígbà tó wọlé, gbogbo wọn ti wà ní ìjókòó, nǹkan bí ọgbọ̀n ènìyàn. Ó ń rìn lọ, ó tẹjú mọ́lẹ̀.

Àga kan dún gbì nídìí fèrèsé. Ogino ti dìde. Ó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ó tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, títí irun funfun orí rẹ̀ fi kọjú sí Teiji.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá Hatanaka."

Gbogbo ọ́fíìsì yíjú síbẹ̀. Sugimori pàápàá yí orí padà. Ó wu Teiji kó dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. Ó wù ú kó pariwo pé òun ni, ọwọ́ òun ni, kí wọ́n gbé òun síbẹ̀. Omi ti ń kó sí i lójú. Àmọ́ ojú ọgbọ̀n ènìyàn wà lára rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á.

"Káàárọ̀, Ogino," ló dáhùn. Ó sì lọ jókòó.