Ẹsẹ̀ Lásán Lórí Pákó

Ẹgbẹ́ olórin tí Aláìwọ-Bàtà ti bá ṣeré kì í ṣe díẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó dágbére fún nínú wọn. Àwọn tó ń ṣe jáàsì pọ́ńbélé, àwọn tó ń po jáàsì pọ̀ mọ́ orin mìíràn bí ẹni ń po amọ̀, gbogbo wọn ló ti jẹ àǹfààní ọwọ́ rẹ̀. Tó bá gbé ọwọ́ lé ìlù kóńgà, ẹni tó ti dìde pé òun ń lọ ilé á tún fìdí lélẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọdún kejì tàbí ìkẹta bá ti pé, wọn á wẹ̀yìn, wọn á bá àga rẹ̀ lófìfo. Ẹyẹ ò sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀ ni tirẹ̀. Àwọn kan ní ìgbéraga ni, àwọn mìíràn ní ó jẹ ẹsẹ̀ ajá. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Etí ló ń lé ọkùnrin náà kiri.

Nínú ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ wọ̀, ẹ̀gbẹ́ síńbálì ni wọ́n fi í sí, àwo idẹ ńlá yẹn tí wọ́n máa ń fi igi lù. Ọdún gorí ọdún, etí òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí omi inú kẹ́tùrù. Nígbà tó yá, ó dákẹ́, kò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ti ọ̀tún kù, àmọ́ láàárín ariwo, etí kan ṣoṣo kò mọ èyí tí yóò mú. Ọjọ́ kan ló bọ́ bàtà lórí pèpéle onípákó, ló bá gbọ́ ohùn gìtá bèèsì, gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ yẹn, tó gba àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ gòkè wá, ó mọ́ gaara. Láti ìgbà náà, kò wọ bàtà ṣeré mọ́. Àwọn èèyàn rò pé fáàrí ni. Oníwèé ìròyìn kan tilẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn baba ńlá rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀ láti inú ilẹ̀. Baba ńlá wo? Bèèsì ló ń gbọ́!

Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí ẹnìkan mọ̀. Ta ni yóò gba onílù adití? Tí wọ́n bá ti pè é lápá òsì tí kò dáhùn, tí ẹnìkan wá wò ó ní ìwò kan báyìí, oorun ti dá lójú rẹ̀ nìyẹn. Á máa rìn sókè sódò nínú yàrá, á jókòó, á tún dìde, títí tí yóò fi di ẹrù rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Aránṣọ ni. Kí àwọn oníbàárà tó mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dáadáa, ọkọ á ní ó yá, wọn á tún gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sínú ọkọ̀. Obìnrin náà kò mọ̀ nípa etí. Ohun tó mọ̀ ni pé ọkọ òun kì í bá ọ̀gá kankan pẹ́. Nídìí tábìlì oúnjẹ, apá òsì ọkọ rẹ̀ ló máa ń jókòó sí, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló sì ń bọ́ sílẹ̀ láìsí ẹni tó he é. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọkọ òun kò ka òun sí, ó sì ń dùn ún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dá ẹ̀rọ náà dúró, ó wá kojú ọkọ rẹ̀.

"Bàbá wọn, mo ti rí ojú yín o. Ojú ẹni tó fẹ́ di ẹrù ni. Ẹ gbọ́ o, tẹ́ ẹ bá tún kó lọ lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀yin nìkan lẹ máa lọ. Èmi àti ẹ̀rọ mi ò lọ ibì kankan mọ́."

"Ta ló ní mò ń lọ?" ọkọ fèsì.

Obìnrin náà kò ṣì í wò. Ẹgbẹ́ tí ọkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ nígbà náà fẹ́ lọ dánra wò lọ́sàn-án nínú gbọ̀ngàn kan tí wọn yóò ti ṣeré lọ́jọ́ kejì, Aláìwọ-Bàtà sì ti gbọ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ibẹ̀ kọ́ ni. Nígbà tó débẹ̀, wọ́n ti yọ pákó kúrò bó ṣe bẹ̀rù. Kọnkéré ni pèpéle, wọ́n tún wá tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn lé e lórí. Ó bọ́ bàtà, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ títí, ilẹ̀ ò sọ nǹkan kan fún un.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin, ó fi ìlù wọlé kí àkókò tó tó. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún pẹ́ kó tó wọlé. Olórí ẹgbẹ́ wọn, obìnrin afọnfèrè kan tí kì í pariwo mọ́ èèyàn, gbé fèrè kúrò lẹ́nu.

"Kí ló ṣe yín lónìí?"

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí díẹ̀, ọ̀gá."

Ọ̀gá wò ó ní ìwò yẹn. "Ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀ ná."

Fún Aláìwọ-Bàtà, ọ̀rọ̀ ti di bó ò lọ o yà fún mi. Ó bọ́ síta, ó fi fóònù pe onítakisí kan pé kó wá dúró sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, tó bá ti dé kó tẹ họ́ọ̀nù. Ó padà wọlé, ó rọra bẹ̀rẹ̀ sí í di kóńgà sínú àpò. Ó ń ronú ìyàwó rẹ̀ níwájú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dúró.

Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wà lápá òsì rẹ̀, ariwo sípíkà tí wọ́n ń yẹ̀ wò sì ń bo etí ọ̀tún rẹ̀. Lójijì ni orí gbogbo ẹgbẹ́ yí síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ń di ẹrù lọ. Wọ́n tún yíjú síbẹ̀, wọ́n tún wo ara wọn. Ìgbà tó gbé ojú sókè tó rí wọn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín.

Ilẹ̀kùn ṣí. Awakọ̀ náà yọ orí wọlé pẹ̀lú ìbínú.

"Ta ló pe takisí níbí? Mo ti tẹ họ́ọ̀nù títí ọwọ́ fi ń ro mí!"

Gbogbo wọn ló gbọ́ họ́ọ̀nù. Ẹni tó pe ọkọ̀ nìkan ni kò gbọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a, àfi pé ti Aláìwọ-Bàtà yìí, òun fúnra rẹ̀ ló fi fóònù pè é.

Ó jókòó sórí àpò kóńgà. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Etí òsì mi ti kú," ó wí. "Ó ti pẹ́. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń gbọ́ yín. Kọnkéré yìí ò sọ̀rọ̀."

 Onígìtá bèèsì, tó jẹ́ àgbà gbogbo wọn, pòṣé.

"Àbúrò, láti ọjọ́ tó o ti dé ni mo ti ń dúró lápá ọ̀tún ẹ. Ṣé o rò pé atẹ́gùn ni mò ń gbà níbẹ̀ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀?"

"Mo ń retí kó o sọ ọ́ ni. Ẹni tí ò bá sọ tẹnu ẹ̀, báwo lèèyàn á ṣe máa bá a sọ ọ́?"

Baba náà bọ́ sí ẹ̀yìn pèpéle, ó sì wọ́ pákó fífẹ̀ kan jáde nínú èyí tí àwọn káfíńtà fi sílẹ̀. Ó tẹ́ ẹ, ó gbé sípíkà bèèsì rẹ̀ lé ìpẹ̀kun pákó náà kan, ó fa àga onílù sí ìpẹ̀kun kejì.

Olórí ẹgbẹ́ ṣì ń bínú. "Onílù adití, mo lè bá a ṣiṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀yìn sá fi mí sílẹ̀ nígbà tí eré ku ọ̀la ni mi ò fẹ́. Ṣé ẹ̀ ń lọ ni àbí ẹ ò lọ?"

"Èmi náà ń bi í," ni awakọ̀ wí lẹ́nu ọ̀nà.

Aláìwọ-Bàtà wo ilẹ̀kùn, ó wo pákó.

"Mi ò lọ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Awakọ̀ bú u díẹ̀, ó lọ. Aláìwọ-Bàtà gun orí pákó, bèèsì sì bá a lẹ́sẹ̀.

Nígbà tó délé nírọ̀lẹ́, oúnjẹ ti wà lórí tábìlì. Ó dúró níwájú ìyàwó rẹ̀ bí obìnrin náà ṣe kojú rẹ̀ láàárọ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ pátá, kò fi ọ̀kan pamọ́. Obìnrin náà gbọ́ ọ dópin.

"Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí mo tì yẹn," ó wí nígbẹ̀yìn, "nítorí etí kan ṣoṣo? Èmi tí mo ti rò pé ohùn mi ló sú yín!"

Omi lé ròrò sí i lójú. Ó dìde, ó gbé àga rẹ̀ kúrò lápá òsì ọkọ rẹ̀, ó gbé e yí tábìlì ká, ó fi í sí ọ̀tún, ó sì jókòó.

"Kí ẹ lè gbọ́ èébú tí mo fẹ́ bú yín dáadáa," ó ní.