Ilẹ̀kùn Ṣí, Mi Ò Lè Jáde

Bísí, àlá tí mo lá mọ́jú yìí, àyà mi ṣì ń já. Mo wà níbi ìwádìí tí ò ń ṣe lórí àwọn opó ní yunifásítì, ò ń bi mí nípa ikú ọkọ mi. O ní mo lè lọ nígbàkigbà, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo ní ó tó, mo dìde. Àfi bí o ṣe di ìyá mi, tó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, ó ku ìbéèrè kan." Ta ló lè fo ìyá ẹ̀ kọjá? Mo padà jókòó. Mo tún dìde, ó tún kúnlẹ̀. Igbe ni mo fi ta jí.

Màá wá síbi ìwádìí rẹ lónìí. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní ó tó, jọ̀ọ́, má pe ìyá mi.